Igmedio Gun Àgbọn Lọ́jọ́ Ìdìbò

Igmedio Tabudlong, tí gbogbo wa ń pè ní Midyo, kì í fẹ́ kí inú ẹnikẹ́ni bàjẹ́. Àìsàn ni lára rẹ̀. Ilé tèmi àti tirẹ̀ fara kanra ní abúlé Hinapuyan, létí òkun ní Leyte, a sì jọ dàgbà ni, nítorí náà ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀, ojú mi ló ṣe. Bí Senda ìyàwó rẹ̀ bá bi í pé, "Ṣé iyọ̀ ọbẹ̀ yìí ò pọ̀ jù?" Midyo á tọ́ ọ wò, á ronú títí, á ní, "Ọbẹ̀ ni." Nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin méjì bára wọn díje ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àlùfáà bi í pé èwo ló wù ú jù, ó ní àbẹ́là ọjọ́ náà jó dáadáa. Oníìgbálẹ̀ méjì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ra ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tí ẹnì kẹta dé lọ́sàn-án, ó sáré ti ìgbálẹ̀ méjì tó ti rà sábẹ́ ibùsùn, kí oníyẹn má baà rò pé òun kò wúlò.

Iṣẹ́ rẹ̀ bá ìwà rẹ̀ mu. Ẹmu àgbọn ló ń dá, ó sì máa ń fi èèpo igi pa á láró. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òkè ló máa ń wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè bi í ní ìbéèrè. Àwọn igi rẹ̀ sún mọ́ra, ó sì ti fi ọparun gígùn so orí igi kan mọ́ òmíràn, ọ̀kan fún ẹsẹ̀, ọ̀kan fún ọwọ́. Bó bá ti gun igi àkọ́kọ́ lẹ́yìn iléèwé, kò tún ní fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́ àfi tó bá dé igi tó kẹ́yìn létí òkun. Àwa tó wà nísàlẹ̀ á kàn máa gbọ́ tó ń súfèé kọjá lórí wa, bí ẹyẹ tó wọ ṣòkòtò.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìdìbò kápítánì abúlé dé. Èèyàn méjì ló jáde. Ọ̀kan ni Sotero Lumbre, Kapitan Teroy, tó ti wà lórí oyè láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀. Òun ló ṣe bàbá ìsàmì fún ọmọbìnrin Midyo. Èkejì ni Bienvenida Gadaingan, Bebeng, tó ni ẹ̀rọ tí a fi ń bó ìrẹsì. Midyo sì ni bàbá ìsàmì ọmọkùnrin Bebeng. Lọ́dọ̀ wa, ìsàmì kì í parí sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá gbé ọmọ rẹ dúró níwájú àlùfáà ti di Pare rẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ obìnrin, Mare ni. O ò lè bá a jà, o ò lè kọ oúnjẹ rẹ̀, bó bá sì ń du ipò, ìbò rẹ ti di tirẹ̀ kí o tó jí lójú oorun. Midyo ní ìbò kan. Àwọn méjì ló ni ín.

Ọmọ ẹ̀yìn Teroy ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú pósítà. Wọ́n lẹ ojú Kapitan mọ́ ọgbà Midyo. Kò tíì gbẹ tí Bebeng fi yọ.

"Pare, kí ni mo rí yìí?"

"Ọgbà ni, Mare."

"Mo mọ̀ pé ọgbà ni. Ojú ta ló wà lára ẹ̀?"

"Ẹ ní kí wọ́n wá lẹ tiyín náà. Ọgbà náà gùn."

Bí pósítà wọn ṣe tò síbẹ̀ nìyẹn, Teroy, Bebeng, Teroy, Bebeng, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bá ń kọjá. Kò pẹ́ tí ewúrẹ́ Senda já okùn, tó sì jẹ pósítà Teroy kan láti àgbọ̀n dé imú. Ẹ̀rù ba Midyo. Bí Kapitan bá rí i ńkọ́? Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń dá ẹmu, ó gé pósítà Bebeng tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àgbọ̀n dé imú, kó lè dọ́gba. Lọ́jọ́ kejì ewúrẹ́ náà tún jẹ òmíràn, ó tún gé òmíràn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi parí, ojú nìkan ló kù lára gbogbo wọn.

Senda bọ́ síta, ó wo ọgbà rẹ̀. "Igmedio, o ti sọ ilé mi di ibi tí àwọn olè ti ń yọjú wo èèyàn!"

Ìyẹn kò tíì kan ariwo. Àwọn olùdíje méjèèjì lo orin kan náà, wọ́n kàn yí orúkọ inú rẹ̀ padà ni. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn Teroy kọjá, ti Bebeng á máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé ní oríta, tí ẹnìkan kò fẹ́ yà fún ẹnìkejì, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé kí a dìbò fún Tebeng. Ìyá mi, tí etí rẹ̀ ti di, bi mí pé ta ni Tebeng yìí, ó ní ohùn rẹ̀ dùn, òun máa dìbò fún un.

Nígbà tó ku ọ̀la, òfin dé bí ó ṣe máa ń dé: kí ẹnikẹ́ni má tà, kí ẹnikẹ́ni má mu ohunkóhun tó ń pani bí ọtí títí ìdìbò yóò fi parí. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ sọ fún igi àgbọn? Ẹmu ṣáà ń kán ní tirẹ̀. Bí adẹ́mu kò bá gun igi, òdòdó àgbọn á bàjẹ́, nítorí náà Midyo ń gùn ún, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń dà á sínú ìkòkò, kò sì sí ẹni tó lè rà á. Ilé rẹ̀ kún fún ẹmu tó ń kan díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ ìdìbò pé. Senda wọ aṣọ àwọ̀ ewé, Midyo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò tó wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Wọ́n rìn lọ sí iléèwé pẹ̀lú wa. Nítòsí géètì, Teroy dúró sí apá ọ̀tún, Bebeng dúró sí apá òsì, àwọn méjèèjì ń kí èèyàn bí ẹni tó kàn ń gba atẹ́gùn. Bí Midyo ṣe dé, Teroy di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, Bebeng di ti òsì mú.

"Pare, mi ò sọ nǹkan kan o," Teroy wí. "Òfin ò gbà. Mo kàn ń kí ẹ ni. Ọmọ mi ńkọ́?"

"Èmi náà ò sọ nǹkan kan," Bebeng wí, ó sì ki súmán sí i lọ́wọ́, ìrẹsì aládùn tí a fi ewé dì sè. "Ọmọ ìsàmì ẹ ló ní kí n fi èyí tó tóbi jù pamọ́ fún ẹ."

Midyo wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ojú rẹ̀ dà bí ti ewúrẹ́ Senda nígbà tí wọ́n ká a mọ́ ibi pósítà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "mo gbàgbé ẹmu mi."

"Ẹmu wo?" Senda bi í. "Ṣebí o ti gun igi láàárọ̀?"

"Ọ̀kan ń jò."

Ó gba ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sá. Kí a tó mọ̀, ó ti wà lórí igi tó wà lẹ́yìn iléèwé, tòun ti ṣòkòtò ìgbéyàwó, súmán wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo ti rí oríṣiríṣi nǹkan ní ìdìbò. Mo ti rí ọkùnrin tó sùn sórí tábìlì tó yẹ kó ti kọ orúkọ. Ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí. Senda sáré dé ìdí igi, ó fọwọ́ sí ìbàdí, gbogbo èèyàn tó wà lórí ìlà sì yíjú sí wọn.

"Igmedio! Sọ̀kalẹ̀!"

"Mò ń bọ̀!"

"Ìgbà wo?"

"Tí mo bá dé ìsàlẹ̀!"

Ó rin orí ọparun lọ sórí igi kejì. Senda sáré lọ sídìí igi kejì. Ó kọjá sórí ìkẹta. Senda sáré lọ sídìí ìkẹta, ó ń kọsẹ̀ lára èèpo àgbọn, ó ń pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀. Ó bọ́ sálúbàtà, ó jù ú sí i. Sálúbàtà náà há sórí ọparun. Midyo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un, ó fi ọ̀wọ̀ nà án sísàlẹ̀ bí ẹni pé Senda lè nawọ́ gbà á láti ibi tó wà. Nígbà tó rẹ Senda, ó padà wá dìbò tirẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Aago mẹ́ta lù, wọ́n ti ilẹ̀kùn ibi ìdìbò. Ilẹ̀kùn náà kò tíì dákẹ́ ariwo tí Midyo fi dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Áà! Ẹ ti tì í?"

"A ti tì í, Ẹ̀gbọ́n Midyo," ni Virgilia, tíṣà tó ń bójú tó ìdìbò, wí fún un.

"Ó mà ṣe o," Midyo wí, ó sì mí kanlẹ̀ bí táyà tí wọ́n yọ ìṣó lára rẹ̀.

Kíláàsì ni wọ́n ti ka ìbò. Gbogbo abúlé fún mọ́ ojú fèrèsé. Tíṣà Virgilia á ṣí ìwé, á ka orúkọ tó wà níbẹ̀ sókè, wọ́n á fa ìlà kan sára pátákó. Lumbre. Gadaingan. Gadaingan. Lumbre. Ẹnìkan kọ "Mare mi" láìkọ orúkọ, àríyànjiyàn ìyẹn gba àkókò. Ẹnìkan kọ "Tebeng." Mi ò wo ojú ìyá mi. Nígbà tí wọ́n ka ìwé tó kẹ́yìn, Lumbre ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Gadaingan náà ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ọ̀mì ni wọ́n ta.

Ohùn kan wá jáde láti ojú fèrèsé: "Ta ni ò dìbò?"

Àwọn tó wà ní Manila kò dìbò, àwọn tó wà lójú òkun kò dìbò, ṣùgbọ́n wọn ò sí nítòsí kí a bú wọn. Gbogbo abúlé na ìka ìfábẹ̀lá sókè láti fi íǹkì ìdìbò hàn, bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ lọ tọ̀. Midyo náà na tirẹ̀. Ìka náà dúdú lóòótọ́. Bebeng fà á mọ́ra, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Èèpo igi nìyí! Èyí tí ẹ fi ń pa ẹmu láró! Láti ìgbà wo ni íǹkì ti ń rùn bí ẹmu?"

"Orí igi ló wà," Senda wí. "Ẹ bi mí. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Teroy fi ọwọ́ lé èjìká Midyo. "Pare, kò burú. Sọ fún wọn ṣáá. Ká ní o dìbò, èmi ni, àbí?"

"Irọ́ ni!" Bebeng kígbe. "Èmi ni! Pare, èmi kọ́?"

"Ẹ káre o, ẹ̀yin méjèèjì," Midyo wí. "Ìdìbò náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́."

Òfin sọ pé bí ọ̀mì bá wà, kí àwọn olùdíje ṣẹ́ gègé, ọ̀gá tó ń rí sí ìdìbò ní ìlú ńlá sì ránṣẹ́ pé òun á wá lọ́jọ́ Sátidé. Kí Sátidé tó dé, Midyo jẹ ìyà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Teroy ń pè é ní ọlọ̀tẹ̀, àwọn ti Bebeng ń pè é ní ọ̀bọ. Senda ní ẹni tí kò lè yan èèyàn nínú méjì, kò ní jẹ ohun tí ẹlòmíràn yàn fún un.

"Ẹja àbí ẹ̀fọ́?" ó bi í.

"Èyí tó bá wù ẹ́," Midyo dáhùn.

Senda gbé ẹja àti ẹ̀fọ́ wá fún wa lódìkejì ọgbà. Mi ò purọ́, ó dùn. Midyo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọtí kíkan jẹ ìrẹsì. Ó ní ọtí kíkan tó pọ̀, nítorí gbogbo ẹmu tí kò rí tà ti kan tán.

Mo lọ bá a níbẹ̀. "Midyo, ó ku èmi àti ìwọ. Ta ni ò bá dìbò fún?"

Mo rò pé yóò sọ fún mi pé omi òkun ti ń fà. Ṣùgbọ́n ó gbé àwo sílẹ̀.

"Nígbà ìjì ńlá," ó ní, "ẹ̀yìn Pare Teroy ni ọmọ mi wà tó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nígbà tí ìyá mi kú, ojoojúmọ́ ni Mare Bebeng ń gbé ìrẹsì wá, kò rán ẹnikẹ́ni, òun fúnra ẹ̀ ló ń rù ú. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí ìwé yẹn. Ta ni kí n kọ síbẹ̀, kí n wá fi ta ni sílẹ̀?"

Mo lọ bá a bu ẹja díẹ̀ padà wá.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wa pé jọ síwájú iléèwé. Ọ̀gá ìdìbò, Ọ̀gbẹ́ni Medalla, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà, yọ owó píísò onírin kan jáde. Orí èèyàn wà lójú kan, òdòdó wà lójú kejì. Ìjà bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí orí ni àwọn méjèèjì fẹ́.

"Èmi ni orí abúlé yìí," Teroy wí.

"Orí tiyín ti pá, Kapitan," Bebeng dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kó sinmi." Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn ń mú, ó ní kò burú, òun obìnrin ni òdòdó yẹ.

Ta ni yóò wá ju owó sókè? Àwọn ti Teroy kò gbà fún Medalla, wọ́n ní ó ti mu omi nílé Bebeng. Àwọn ti Bebeng kò gbà fún Tíṣà Virgilia, ọmọ àbúrò Teroy ni. Wọ́n dárúkọ títí, ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì bínú sí bákan náà.

"Èmi kọ́," Midyo wí.

"Ìwọ ni," gbogbo abúlé dá a lóhùn.

Medalla ní òun kò rí ibi tí òfin ti sọ ọwọ́ ẹni tí kò gbọdọ̀ jù ú. Ó fi owó náà sí i lọ́wọ́. Midyo di ojú, ó sì jù ú. Ẹni tó ń fi apá fa ara rẹ̀ gun igi láràárọ̀ kò mọ agbára apá rẹ̀. Owó náà fò, ó fò, a gbé orí sókè títí ọrùn fi ń dùn wá. Lẹ́yìn náà a gbọ́ gbáń lórí páànù iléèwé, gírírírí, ó sì bọ́ sínú gọ́tà etí òrùlé.

Gbogbo ojú yí sí Midyo. Kò dúró de àkàbà. Ó bọ́ bàtà, ó gun òpó, ó yọjú sínú gọ́tà.

"Má fọwọ́ kàn án o!" Medalla kígbe. "Sọ ohun tí o rí!"

"Ewé gbígbẹ," Midyo wí.

"Owó ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ojú wo ló wà lókè?"

"Ojú òkè."

"Igmedio!" Senda ké. "Bí o ò bá sọ ọ́, ibẹ̀ ni wàá máa gbé! Màá máa ju ìrẹsì sí ẹ!"

Mo rí ojú Midyo láti ibi tí mo wà. Ó wo Teroy, ó wo Bebeng. Lẹ́yìn náà ó ké bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín lẹ́nu rẹ̀: "Òdòdó ni! Ẹ má bínú, Pare! Òdòdó ni!" Ó sì bú sẹ́kún, ó dì mọ́ òpó.

Ariwo sọ. Àwọn ti Bebeng ń fò sókè. Àwọn ti Teroy ní irọ́ ni, ọlọ̀tẹ̀ ni Midyo, ṣé a ò rí i pé ó jẹ súmán Bebeng? Teroy gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí wọ́n gbé àkàbà wá, òun á fojú ara òun rí i. Àkàbà ọparun ni. Kapitan kì í ṣe èèyàn kékeré. A ń gbọ́ bí àkàbà ṣe ń ráhùn bó ṣe ń gòkè. Ó dé òkè, ó yọjú, ó wò ó pẹ́. Bó ṣe fẹ́ yípadà, ẹsẹ̀ àkàbà kán. Ó di gọ́tà mú, gọ́tà já, Kapitan já bọ́, gọ́tà àti omi òjò ọdún kan bá a wálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, pọ̀ọ̀!

Owó náà yí lọ láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ó yí títí, ó dùbúlẹ̀. Orí ló wà lókè.

"Orí!" Àwọn ti Teroy bẹ̀rẹ̀ sí í jó. "Orí ni! Kapitan, orí ni!"

Medalla bọ́ fìlà, ó nu ojú. Kò mọ ohun tí yóò ṣe. Teroy jókòó nínú ẹrẹ̀, ewé gbígbẹ kan lẹ̀ mọ́ ibi tó pá lórí rẹ̀.

"Ẹ dákẹ́," ó ní. "Mo rí i lókè. Òdòdó ni."

"Kapitan, ẹ tún un rò!"

"Kí ni mo fẹ́ rò? Mo lójú. Òdòdó ni, kò parọ́. Ta ló fẹ́ fà mí dìde?"

Bebeng ló nawọ́ sí i. Ó fà á, ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́, òun náà jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tòun ti aṣọ tó fẹ́ fi gba oyè. Wọ́n wo ara wọn. Teroy ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kó tó parí, Medalla fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi fìlà bo ẹnu, ẹnìkan sì ń bẹ Midyo pé kó sọ̀kalẹ̀, ó ti tó.

Bebeng di kápítánì. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó tún gọ́tà ṣe. Láti ìgbà náà, òun ni wọ́n ń lọ jí bí ẹlẹ́dẹ̀ ẹnìkan bá jẹ iṣu ẹlòmíràn, ó sì máa ń sọ fún Midyo pé ká ní ó dìbò dáadáa, bóyá òun ì bá ti rí oorun sùn.

Teroy ra pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní látọjọ́ tí òun ti ń ṣe kápítánì ló ti wu òun. Ní báyìí, wọ́n ń tẹ̀lé e káàkiri abúlé ní ìlà gígùn, wọ́n ń pariwo, ó ń sọ̀rọ̀ fún wọn, wọ́n ń dá a lóhùn, ó sì dà bí ẹni pé ó sanra sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kó gbogbo wọn wá sọ́dọ̀ Midyo, ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, pẹ́pẹ́yẹ kan gun itan rẹ̀.

"Pare, wò wọ́n," ó ní. "Kí lo rí sí wọn? Ṣé o ti rí ohun tó dára tó báyìí rí?"

Senda gbórí jáde láti ilé ìdáná. Èmi náà dúró lójú ọgbà. Midyo wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà.

"Pare," ó ní, "wọ́n ń rùn."

Teroy gbé èyí tó wà lórí itan rẹ̀ sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mi orí.

"Wọ́n ń rùn lóòótọ́," ó ní. Senda ti padà wọlé lọ gbé ẹmu wá.